Ilé Ò Gbà Wọ́n, Ọ̀nà Ò Gbà Wọ́n: Bí Àwọn Ará Palẹstínì Ṣe Ń Há Sí Ẹnubodè

Ní 2006, bọ́ọ̀sì tó bá ń ti Baghdad lọ sí Síríà kì í sábà kó oníṣòwò. Ìdílé ló ń kó. Wọ́n á ti di ẹrù bí ẹni tí kò ní padà mọ́, torí Baghdad ti dàrú: àwọn jàǹdùkú tó gbé ìbọn ń dá èèyàn dúró lójú pópó, wọ́n ń gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ wọn, orúkọ tí wọ́n bá kà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí wọ́n máa pa. Bọ́ọ̀sì á ré aṣálẹ̀ kọjá, á dé ẹnubodè Síríà, aṣọ́bodè á sì gba ìwé gbogbo èrò. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ọmọ Ìráàkì ni, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i, ó di Damásíkù. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ará Palẹstínì tó ń gbé ní Ìráàkì ni, wọ́n á ní kó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ ará àdúgbò kan náà o. Wọ́n lè ti jọ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì kan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ogun kan náà ló lé wọn kúrò nílé. Bọ́ọ̀sì á gbéra, á sì fi ẹnì kan sílẹ̀ lórí iyanrìn.

Ibi tó fi í sílẹ̀ sí yẹn ni wọ́n ń pè ní al-Tanf. Àwọn èèyàn gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ. Wọ́n ṣègbéyàwó níbẹ̀, wọ́n bímọ níbẹ̀, wọ́n sin òkú níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí kì í ṣe ìwà ìkà aṣọ́bodè kan ló fà á. Bí wọ́n ṣe to òfin àti ìwé jọ ló bí i, bó sì ṣe ṣẹlẹ̀ ní al-Tanf ló ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìlà kan ṣoṣo ni ẹnubodè, pé bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò ní ìhín, ó ti dé ọ̀hún. Ẹni tó bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Kùtọnu mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òǹtẹ̀ méjì ni: àwọn kan á kọ́kọ́ lu tiwọn pé o ti jáde, kí o tó lọ bá àwọn mìíràn tó máa lu tiwọn pé o ti wọlé. Láàárín òǹtẹ̀ àkọ́kọ́ àti èkejì, o ò sí nílùú kankan. Ní Sẹ̀mẹ̀, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni àárín náà. Nínú aṣálẹ̀ tó wà láàárín Ìráàkì àti Síríà, kìlómítà mélòó kan ni. Ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ológun méjì ló ń ṣọ́ ọ, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni tí Ìráàkì ti lu òǹtẹ̀ pé ó ti jáde, tí Síríà sì kọ̀ láti gbà wọlé, àárín yẹn ló máa dúró sí. Bó bá fẹ́ padà, ikú tó sá fún ń dúró dè é.

Ẹnubodè tó tì náà kì í tì fún gbogbo èèyàn. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa al-Tanf. Títì tó so Baghdad pọ̀ mọ́ Damásíkù gba ẹ̀gbẹ́ àgọ́ wọn kọjá. Ọ̀nà náà ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Tìrélà ń lọ, tánkà ń bọ̀, ọmọ Ìráàkì ń wọlé lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹ̀gbẹ́ kejì àgọ́ jẹ́ ògiri. Àárín títì àti ògiri yẹn, ilẹ̀ tóóró, ni wọ́n to àgọ́ sí.

Kí ló wá dé tí ọmọ Ìráàkì fi kọjá, tí ará Palẹstínì tó ti Ìráàkì wá kò kọjá? Ìbéèrè kan wà tí gbogbo aṣọ́bodè ayé ń bi ara rẹ̀ nínú kó tó lu òǹtẹ̀, tí kì í sì í sọ síta: bí a bá gba ẹni yìí lónìí, tó di ọ̀la tí a fẹ́ kó máa lọ, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ wa? Bí ìdáhùn bá wà, físà àti owó àpò ló kù. Bí ìdáhùn ò bá sí, bí ẹni náà tiẹ̀ ní owó, tó níwèé ẹ̀rí, tí ara rẹ̀ sì le, wọ́n á máa wò ó bí ẹrù tí wọn ò ní lè sọ̀ mọ́. Ọmọ Ìráàkì tó wọ Síríà, Ìráàkì kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ará Palẹstínì tó ti Baghdad wá, Ìráàkì lè sọ bẹ́ẹ̀, torí kò fìgbà kankan sọ pé ọmọ òun ni.

Àwa náà mọ ohun tí lílé kúrò nílùú jẹ́. Ẹ bi àwọn àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ìnísà léèrè 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Àwọn Yorùbá tó ti dàgbà sí Kùmásí àti Tàmálè, tí ọmọ wọn ń sọ Twi ju Yorùbá lọ, fi ṣọ́ọ̀bù àti ilé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ inú ọkọ̀ náà kò fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Síbẹ̀ Nàìjíríà kò lè ti ẹnubodè mọ́ wọn. Nígbà tó di oṣù Kìíní 1983, àwa náà lé àwọn ará Gánà, wọ́n sì há: Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò láti 1982, Tógò ti tirẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ náà tì í, gbogbo èrò wá kún Èkó àti Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú báàgì tí a ṣì ń fi orúkọ wọn pè di òní. Ìyà jẹ wọ́n gan-an. Àmọ́ nígbà tí Gánà ṣí ilẹ̀kùn ní ìparí oṣù yẹn, gbogbo ilẹ̀kùn tó kù ṣí tẹ̀ lé e, torí gbogbo wọn mọ ibi tí èrò náà ń lọ. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ẹni tí kò ní ilé tí yóò bọ̀ sí, kò sí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tó máa ṣí kí àwọn yòókù tó ṣí.

Báwo ni ará Palẹstínì ṣe di ará Ìráàkì tí kì í ṣe ọmọ Ìráàkì? Ní 1948, nígbà tí wọ́n dá orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì sílẹ̀ tí ogun sì bẹ́, àwọn ará Palẹstínì tó lé ní 700,000 ló sá tàbí tí wọ́n lé kúrò nílé. Lára wọn ni àwọn ará abúlé mẹ́ta tó wà ní gúúsù Haifa: Ijzim, Jaba àti Ayn Ghazal. Àwọn ọmọ ogun Ìráàkì ń jà ní agbègbè Jenin nígbà náà, àwọn ló kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará abúlé wọ̀nyí sínú ọkọ̀ ológun lọ sí Ìráàkì. Gbogbo àwọn tó débẹ̀ nígbà yẹn jẹ́ nǹkan bí 3,000 sí 5,000. Ìráàkì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fún wọn nílé, ọmọ wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọ́n rí iṣẹ́ ìjọba ṣe. Nígbà tó máa fi di 2003, wọ́n ti tó nǹkan bí 34,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n bí sí Ìráàkì. Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò fún wọn ni ẹ̀tọ́ ọmọ onílùú.

Kì í ṣe Ìráàkì nìkan ló kọ̀ bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí Jọ́dánì, tó sọ ọ̀pọ̀ wọn di ọmọ ìlú, àwọn ìjọba Árábù fẹnu kò pé kí wọ́n má sọ ará Palẹstínì di ọmọ onílùú níbòmíràn. Àlàyé wọn rèé: bí a bá sọ wọ́n di ará ibí, ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní láti padà sílé yóò parẹ́, ẹni tó gba ilẹ̀ wọn yóò sì sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìpinnu 194 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní oṣù Kejìlá 1948 sọ pé kí àwọn tó bá fẹ́ padà sílé kí wọ́n sì bá aládùúgbò gbé ní àlàáfíà padà. Ísírẹ́lì kò gbà wọ́n padà. Ọ̀pọ̀ ará Palẹstínì fúnra wọn fara mọ́ ìdí tí àwọn ìjọba Árábù sọ yìí, ó sì ní ọlá nínú. Ṣùgbọ́n ìdílé tó wà nínú àgọ́ ló ń san owó rẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ má gba ìwé ìlú tó wà nítòsí kó má bàa pàdánù ìlú tó jìnnà, ọdún sì ń gorí ọdún, kò rí ọ̀kan, kò rí èkejì.

Dípò ìwé ìrìnnà ọmọ onílùú, ìwé mìíràn ni wọ́n ń fún wọn, ìwé ìrìnnà àwọn ogunléndé. Lójú, ó jọ ìwé ìrìnnà gidi: ó ní fọ́tò, ó ní nọ́ńbà, ó ní ojú ewé tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí a kì í rí. Ìwé ìrìnnà tèmi ń sọ fún gbogbo ayé pé bó bá burú bó bá dára, Nàìjíríà yóò gbà mí padà. Ìwé tiwọn kì í sábà ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo èyí tí Íjíbítì ń fún àwọn ará Gásà: ẹni tó mú un lọ́wọ́ kò lè wọ Íjíbítì láìgba físà. Íjíbítì ló tẹ̀ ẹ́, Íjíbítì ló fọwọ́ sí i, síbẹ̀ kò lè mú ẹni tó ni í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fún un. Ìgbà tí mo lóye èyí ni mo tó mọ̀ pé èèyàn lè ní ìwé lọ́wọ́ kó sì dà bí ẹni tí kò ní nǹkan kan.

Ní 1995, Líbíà ló fi hàn gbogbo ayé bí ìwé yẹn ṣe rí. Lọ́dún méjì ṣáájú, àwọn adarí Palẹstínì ti bá Ísírẹ́lì fọwọ́ sí àdéhùn Oslo. Gaddafi, tó ń ṣàkóso Líbíà, bínú sí àdéhùn náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1995, nígbà àjọ̀dún ọjọ́ tó gba ìjọba, ó kéde pé òun máa lé gbogbo ará Palẹstínì tó wà ní Líbíà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀, ní ṣókí: bí ẹ bá sọ pé àlàáfíà ti dé, pé wọ́n ti ní ìlú, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ síbẹ̀. Ó mọ̀ dájú pé wọn ò lè dé ibẹ̀, torí Ísírẹ́lì ló ń ṣọ́ gbogbo ọ̀nà tó wọ Gásà. Olùkọ́, dókítà, òṣìṣẹ́ epo, àwọn tó ti lo ogún ọdún ní Líbíà, ó kó wọn sórí títì kí ó lè fi wọ́n jiyàn.

Wọ́n dé Salloum, níbi tí Líbíà àti Íjíbítì ti pàdé létí òkun. Íjíbítì kò jẹ́ kí wọ́n wọlé, àfi ẹni tó bá lè fi hàn pé ìlú kan ń dúró dè òun níwájú. Àwọn tó ní ìwé Lẹ́bánónì rò pé tiwọn sàn. Kí oṣù Kẹsàn-án yẹn tó parí, Lẹ́bánónì ṣe òfin pé ará Palẹstínì tó ní ìwé Lẹ́bánónì tó bá wà nílẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ gba físà kó tó lè padà wọlé. Ẹni tí wọ́n bí sí Beirut, tí ìyá rẹ̀ wà ní Beirut, di ẹni tó ń tọrọ físà Beirut. Ó di 1999 kí wọ́n tó wọ́gi lé òfin náà. Ọkọ̀ ojú omi kan tó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn kúrò ní Líbíà dúró lórí omi nítòsí erékùṣù Sáípúrọ́sì, torí èbúté kò gbà á. Ní Salloum, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan èèyàn pàgọ́ sáàárín ẹnubodè méjì. Gaddafi dá lílé náà dúró láìpẹ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n àgọ́ Salloum wà níbẹ̀ títí di 1997. Àwọn kan kò gbà láti padà sọ́dọ̀ ẹni tó lé wọn, àwọn mìíràn kò sì ní ilé tàbí iṣẹ́ tí wọ́n máa padà bá. Nígbà tó yá, fífipá ni wọ́n fi kó àwọn tó kù padà sínú Líbíà.

Ibo wá ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà? Ọ̀fíìsì méjì ló ń bójú tó ogunléndé láyé, ọ̀rọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì. UNRWA ni wọ́n dá sílẹ̀ ní ìparí 1949 fún ará Palẹstínì nìkan. UNHCR dé lẹ́yìn rẹ̀, fún gbogbo ogunléndé yòókù. Nígbà tí wọ́n ń kọ òfin àgbáyé lórí ogunléndé ní 1951, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹni tó bá ti wà lábẹ́ ọ̀fíìsì mìíràn ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò sí lábẹ́ òfin yìí. Ará Palẹstínì ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ó dára bẹ́ẹ̀ bí UNRWA bá ń dé ibi gbogbo tí wọ́n wà. Ibi márùn-ún péré ló ń dé: Jọ́dánì, Lẹ́bánónì, Síríà, Gásà àti Ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì. Ìráàkì kò sí lára wọn, torí ìjọba rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun máa tọ́jú àwọn tó wà lọ́dọ̀ òun fúnra òun. Ó sì tọ́jú wọn, títí ìjọba fi wó. Iṣẹ́ UNRWA fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti oúnjẹ. Kò láṣẹ láti fún ẹnikẹ́ni ní ìlú tuntun.

Ìjọba Saddam Hussein ní Ìráàkì wó ní oṣù Kẹrin 2003. Saddam ti máa ń gba ilé lọ́wọ́ onílé ní Baghdad fún àwọn ará Palẹstínì, owó táṣẹ́rẹ́ ló ń san, onílé kò sì lè bá a jiyàn. Ọjọ́ tí Saddam lọ, àwọn onílé dé pẹ̀lú ìbọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdílé lọ pàgọ́ sórí pápá bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ eléré Haifa ní Baladiyat, àdúgbò kan ní Baghdad. Àwọn èèyàn ń pè wọ́n ní àwọn tí Saddam ń kẹ́. Wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí Súnì, wọn ò ní ẹ̀yà tó máa gbèjà wọn, ohùn wọn nígbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ sì ń tú wọn fó. Lẹ́yìn tí wọ́n fi bọ́ǹbù wó mọ́ṣáláṣí al-Askari ní Samarra ní oṣù Kejì 2006, ìpànìyàn wá di ti ojoojúmọ́. Nǹkan bí 15,000 ni àjọ UNHCR kà pé ó ṣẹ́ kù nínú 34,000 yẹn lọ́dún náà.

Àwọn tó kọ́kọ́ sá ní 2003 forí lé Jọ́dánì. Àwọn kan há sí àárín ẹnubodè, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Karama, wọ́n kó àwọn mìíràn sí àgọ́ Ruwayshid nínú aṣálẹ̀ Jọ́dánì. Ní 2006, àwọn mìíràn tún há sí Trebil, ẹnubodè Jọ́dánì kan náà. Síríà gba 287 nínú àwọn wọ̀nyí ní oṣù Karùn-ún, ó kó wọn lọ sí àgọ́ al-Hol. Àánú ńlá ni. Ìròyìn náà dé Baghdad, àwọn mìíràn di ẹrù, wọ́n dé al-Tanf, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Nígbà tó fi di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àgọ́ mìíràn tún ti bẹ̀rẹ̀ ní ìhà Ìráàkì, al-Walid, tí èrò inú rẹ̀ sún mọ́ 2,000 nígbà tó yá.

Mi ò ní fi gbogbo ẹ̀bi lé Síríà lórí. Lásìkò yẹn kan náà, ó gba ọmọ Ìráàkì tó lé ní mílíọ̀nù kan, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tó lọ́rọ̀ jù ú lọ ń ka iye tiwọn lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwọn ará Palẹstínì tó lé ní 400,000 ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Jọ́dánì ní tirẹ̀ ti gba ju ẹnikẹ́ni lọ láti 1948. Olúkúlùkù wọn ń bẹ̀rù pé bí òun bá gba ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún á tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó máa gbà wọ́n lọ́wọ́ òun. Ìbéèrè aṣọ́bodè náà la tún padà bá.

Ọ̀pọ̀ ìdílé gbìyànjú láti gba ẹ̀yìn yọ. Wọ́n ra ìwé ìrìnnà Ìráàkì ayédèrú ní Baghdad, wọ́n fi wọ Síríà. Ẹ rò ó wò: ìwé èké tó sọ pé ọmọ Ìráàkì ni ọ́ ṣí ilẹ̀kùn, ìwé òótọ́ tó sọ ẹni tí o jẹ́ tì í. Ẹni tí wọ́n bá ká ìwé yẹn mọ́ lọ́wọ́ ní Damásíkù, al-Tanf ni wọ́n ń gbé e lọ. Báyìí ni àgọ́ náà ṣe ń kún láti iwájú àti láti ẹ̀yìn.

Ìgbésí ayé inú àgọ́ yẹn, títì ló ń darí rẹ̀. Tánkà ló ń gbé omi wá. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn tó 50 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Nígbà òtútù, yìnyín bo àgọ́, òjò sì sọ abẹ́ àgọ́ di ẹrẹ̀. Ìjì iyanrìn á wọnú ìkòkò ọbẹ̀. Ògiri ò jẹ́ kí àgọ́ lè fẹ̀ sẹ́yìn, títì ò jẹ́ kó lè fẹ̀ síwájú, nítorí náà àwọn àgọ́ fún mọ́ra: okùn àgọ́ tibí so kọjá ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá tó bá tan sítóòfù láti fi mú omi ọmọ gbóná gbọ́dọ̀ máa wo afẹ́fẹ́. Iná jó níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àgọ́ tí wọ́n fi kánfáàsì ṣe kì í pẹ́ jóná. Àwọn ọmọdé ń lọ sí ilé ìwé inú àgọ́ tí àwọn àjọ Àgbáyé ṣètò fún wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò, tí ariwo tìrélà sì ń bo ohùn tíṣà mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá fò jáde nínú eré wọn, ojú títì ló ń bọ́ sí.

Ọmọ tí wọ́n bá bí níbẹ̀ ńkọ́? Òfin Ìráàkì àti ti Síríà wo òbí kí ó tó fún ọmọ ní ìlú. Òbí kò ní ìlú. Ọmọ náà kò ní. Bí ogún ṣe ń ti ọwọ́ baba dé ọwọ́ ọmọ ni àìnílùú yìí ṣe ń rìn, ó sì ti rìn dé ìran kẹrin.

Ọ̀nà tí àjọ UNHCR mọ̀ láti fi yanjú ọ̀rọ̀ ogunléndé jẹ́ mẹ́ta: kó padà sílé, kó dúró níbi tó sá dé, tàbí kí ìlú kẹta gbà á. Padà sílé túmọ̀ sí Haifa, Ísírẹ́lì kò gbà. Dúró níbi tó dé túmọ̀ sí àárín títì àti ògiri. Ìlú kẹta ló kù. Iṣẹ́ náà sì falẹ̀: òṣìṣẹ́ á jókòó ti ìdílé, á gba ìtàn wọn sílẹ̀ láti ọdún tí bàbá àgbà wọ Ìráàkì, á wá ìlú tó máa ka fáìlì náà. Ìlú yẹn á rán àwọn tirẹ̀ wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà, á yẹ ara wọn wò, á ṣèwádìí wọn, á sì sọ iye tí òun lè gbà. Àwọn kan nínú àgọ́ kọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí wọ́n bá lọ sí òkè òkun, wọ́n ti fọwọ́ ara wọn fi Palẹstínì sílẹ̀ nìyẹn. Mo lóye wọn. Bàbá àgbà tó ti fi 58 ọdún sọ fún ọmọ pé a máa padà sílé, báwo ló ṣe máa sọ fún un pé Ṣílè là ń lọ?

Ṣílè gan-an ni àwọn kan lọ, 117 ní 2008, sí orílẹ̀-èdè tí ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ Palẹstínì ti pọ̀ sí fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Bràsíl gba àwọn tó kẹ́yìn ní Ruwayshid ní 2007, wọ́n sì ti àgọ́ yẹn. Àwọn opó àti ìyá tó ń dá tọ́mọ láti al-Walid bá ara wọn ní Akranes, ìlú apẹja kan ní Áíslándì, 29 àpapọ̀ tìyá tọmọ. Amẹ́ríkà gbà láti 2009 láti kó àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan kúrò ní al-Walid. Láti al-Tanf, àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan pín sí Bẹ́ljíọ̀m, Ṣílè, Fínlándì, Ítálì, Nọ́wè, Swídìn, Swítsálándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló jọ pín èèyàn tí kò tó èrò ọjà ìlú kékeré kan, ó sì gbà wọ́n ní ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ó lé. Ọmọ ìyá kan lọ sí Swídìn, èkejì lọ sí Ṣílè, torí fáìlì wọn kò sí lórí tábìlì kan náà.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2010 ni wọ́n ti al-Tanf. Ọgọ́ta èèyàn tó kù níbẹ̀, Síríà gbà kí wọ́n kó wọn lọ sí al-Hol, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, kí wọ́n máa dúró de ìlú tó máa pè wọ́n. Wọ́n tú àgọ́, wọ́n ká tapólì, wọ́n kúrò lẹ́bàá títì. Ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà, ogun bẹ́ ní Síríà.

Àwọn tí kò sá kúrò ní Baghdad ṣì wà níbẹ̀. Ní 2001, ìjọba Saddam ti ṣòfin pé ẹ̀tọ́ tí ọmọ Ìráàkì ní ni kí ará Palẹstínì tó ń gbébẹ̀ máa ní, àfi ìwé ọmọ onílùú. Ní 2017, Ìráàkì fagi lé òfin náà, ó sì kà wọ́n mọ́ àwọn àlejò láti òkèèrè, ní ìlú tí àwọn ológun rẹ̀ fúnra wọn fi ọkọ̀ gbé àwọn òbí wọn wọ̀ ní 1948.